Ìwé Gígùn Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kà

Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún Màmá Àyọ̀kẹ́ pé àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Ẹdúnàbọ̀n máa gbọ́ orin òun ní Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ yá gágá. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kọrin. Ó ń sẹ́ ògì, ó ń kọrin. Àdúgbò Òkè-Ogbó mọ̀ pé bí orin bá dákẹ́ nínú ilé yẹn, Màmá sùn ni.

Tẹniọlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló fi fóònù gba orin mẹ́tàlélógún lẹ́nu rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Abdulwaheed, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ni wọ́n jọ ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà: tẹ orúkọ orin, ohùn Màmá á jáde, ọ̀rọ̀ orin á sì máa yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ á mú un, á yẹ inú rẹ̀ wò, á tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Wọ́n ní ibi ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó iṣẹ́ náà sí, tó ń rántí ẹni tó fọwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó fọwọ́ kàn án.

Ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá nígbà tí fóònù Tẹniọlá dún. Fúnlọ́lá ni, tíṣà àwọn ọmọ Ẹdúnàbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì ń jáde sí etí gbogbo wọn.

"Tẹni, ètò yín tún ti kọ̀. Bó ṣe ṣe lóṣù tó kọjá náà ló ṣe. Ó ní òun ò rí fódà."

"Àǹtí, kí ni ẹ pe fódà náà?"

"Orin Màmá Àyọ̀kẹ́."

"Àlàfo inú orúkọ yẹn ni kò jẹ́ kó rí i. Ṣé ẹ ò lè so ó pọ̀?"

"Kí n so orúkọ àgbàlagbà pọ̀ bí ìdì igi? Mi ò lè ṣe é. Bí kò bá ṣiṣẹ́ di ọ̀la, màá jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka ìwé wọn ní Ọjọ́bọ̀."

Orin dúró lẹ́nu Màmá. Ó gbé asẹ́ sílẹ̀.

"Ṣebí mo ti tún ibẹ̀ ṣe lóṣù tó kọjá," ni Abdulwaheed wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún un ṣe." Ó ṣí ibi ìpamọ́ wọn, ó wá àtúnṣe rẹ̀ títí, kò rí i. Orúkọ Tẹniọlá ló bá níbẹ̀. "Ìwọ lo pa á rẹ́. Ọjọ́ Sátidé."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi àtúnṣe rẹ ṣe?" Tẹniọlá na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà. "Wàhídì. Ìwé gígùn lo lọ tún ṣe?"

"Òun ni," ni Abdulwaheed wí.

"Ẹ là á yé mi," ni Màmá wí. "Orin mi ló há síbẹ̀."

Tẹniọlá fa àga mọ́ ọn. "Màmá, ìwé méjì ni. A fọwọ́ ara wa kọ èyí tó kúrú, kò ju ọgọ́rin ìlà lọ. Ètò mìíràn wà tó ń ṣe akọ̀wé fún wa. Á ka kúkúrú yẹn, á wá kọ gígùn jáde, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìlà. Gígùn yẹn ló ń kọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa to iṣẹ́ wa pọ̀."

"Ta ló ń ka gígùn?"

"Kò sẹ́ni tó ń kà á."

Ẹ̀rín pa Màmá. Ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀, ó dá a lórin:

*Ìwé gígùn, ìwé gígùn,*
*A kọ ọ́ tán, a ò kà ọ́.*
*Ìwé gígùn, ta ló bí ọ?*
*Kúkúrú ni ìyá mi o.*

"Lọ́jọ́ Sátidé," ni Tẹniọlá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mo ní kí akọ̀wé tún un kọ. Ohun tó wà nínú kúkúrú ló tẹ̀ lé. Àtúnṣe Wàhídì ò sí níbẹ̀, ló bá lọ. Mo ti ń sọ ọ́ láti ọdún tó kọjá pé ká yọ ìwé gígùn kúrò ní ìpamọ́. Bí aṣebi bá fi ìlà mẹ́ta pamọ́ sínú rẹ̀ lónìí, ojú ta ni yóò tó o?"

"Bí o bá yọ ọ́, kí ni Àǹtí Fúnlọ́lá á lò? Kọ̀ǹpútà wọn ti gbó, wọn ò ní akọ̀wé yẹn, wọn ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á fi wá a. Ìwọ ń gbé Mayfair láàárín ìlú, íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣàn wọlé rẹ bí omi ẹ̀rọ."

"Omi ẹ̀rọ wo? Ní Mayfair?"

Màmá gbé asẹ́ rẹ̀ sókè síwájú wọn. "Wàhídì, bí èérí bá ń jáde sínú ògì mi, ṣé kí n máa fi ìka ṣà á?"

"Rárá, Màmá. Asẹ́ lẹ máa wò."

"Ìka lo fi ṣà á, ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n tún sẹ́ òmíràn, èérí padà." Ó yíjú sí Tẹniọlá. "Ìwọ náà, má yọ̀. Àwọn tí kò ní ọlọ nílé, ògì ni mò ń dì fún wọn. Mi ò ní kí wọ́n gba àgbàdo lọ lọ̀ fúnra wọn."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Abdulwaheed ló kọ́kọ́ fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. Ó fi àtúnṣe sínú ìwé kúkúrú, akọ̀wé kọ gígùn tuntun. Ó pa íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ṣe fódà tí orúkọ rẹ̀ ní àlàfo, ó dán an wò. Ohùn Màmá jáde.

Wọ́n fẹnu kò pé ìwé gígùn á kúrò ní ìpamọ́, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí iṣẹ́ bá pé tí wọ́n bá dì í fún aráyé, akọ̀wé á kọ tuntun, àwọn á sì fi sínú ẹrù náà.

"Ẹni tó bá lọ mú un tààrà ní ìpamọ́ ńkọ́?" ni Abdulwaheed bèèrè.

"Màá kọ ohun tó máa ṣe sójú ìwé àkọ́kọ́."

"Ta ló ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́?"

Tẹniọlá ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Abdulwaheed gbé ẹrù náà sórí fúláàṣì, ó sì mú un lọ sí Ẹdúnàbọ̀n fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá dúró lẹ́yìn kíláàsì ní Ẹdúnàbọ̀n. Fúnlọ́lá tẹ kọ̀ǹpútà, ohùn Màmá sì jáde: *Ilá ń hù létí odò.* Àwọn ọmọ ń wojú ara wọn, wọn ò mọ ègbè. Màmá gbè é láti ẹ̀yìn: *Rọra hù.* Gbogbo orí yí padà. *Ọmọ ń dàgbà nílé,* ni kọ̀ǹpútà wí. *Rọra dàgbà,* ni Màmá dáhùn, ọmọ méjì sì bá a gbè é.

Nígbà tó yá, ó ya ẹnu láti gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ ò dúró dè é mọ́, wọ́n ti gbè é.