Ẹ̀dá Tí Kò Ní Ihò Imú

Ọ̀mọ̀wé kò gbà kí wọ́n fi ihò imú sí i.

"Imú kẹ̀?" ló wí fún Agbẹ́gilére, tó ń bá a mọ ẹ̀dá ayé mìíràn náà ní yàrá iṣẹ́ ilé ìfihàn. "Níbi tí ẹ̀dá yìí ń gbé, afẹ́fẹ́ ki bí oyin. Awọ ló fi ń mu ún. Kò ní imú, kò ní ẹ̀dọ̀fóró, àyà rẹ̀ kì í sì í gbéra sọ."

"Ojú ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ló fẹ́ fojú wò nínú oyin?"

Agbẹ́gilére ní ó dáa, ẹni tó lọmọ ló ń sọmọ lórúkọ. Ni wọ́n bá ṣe ẹsẹ̀ mẹ́fà fún un, ìrù tó ń gbọ́ràn, àti ẹnu lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀ ń dán gbinrin, àfi pé ó rọ̀ jọ̀bọ̀ bí ẹ̀wù tí a fi kọ́ igi ìgbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá yan ẹ̀dá tí yóò dúró ní gbọ̀ngàn iwájú: bóyá ti Ọ̀mọ̀wé, bóyá ti Ìyá Kòkòrò, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò sí ohun tí kò lè fi wé eèrà.

"Ẹ jẹ́ kí n ki fóòmù sínú ẹ̀."

"Tìmùtìmù lo fẹ́ fi ẹ̀dá mi ṣe? Èmi fúnra mi ni n ó wọ inú ẹ̀, kí awọ náà lè mọ ibi tí egungun wà. Tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, wàá là á lábẹ́ ikùn, níbi tójú ò tó."

Ó ká gúlútú sínú rẹ̀. Agbẹ́gilére fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ẹ̀dá náà pa, torí Ọ̀mọ̀wé ti ní ẹ̀dá tí a bí kì í ní sípì, ó sì jáde lọ wá fáànù tí yóò fi gbẹ ẹ́. Kò tíì jìnnà tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ọ̀gá Àgbà ilé ìfihàn náà ló kó àwọn àlejò dé ṣáájú àkókò, ohùn Ìyá Kòkòrò sì wà láàárín wọn.

Inú ibẹ̀ dúdú, ó ń rùn gọ́ọ̀mù. Orúnkún Ọ̀mọ̀wé wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ kò ríbi yà sí, òógùn sì ń wọ̀ ọ́ lójú láìsí ọwọ́ tí yóò nù ún. Atẹ́gùn tín-ín-rín kan ló ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan. Kí ó pariwo ni? Wọ́n á mọ̀ pé ènìyàn ló wà nínú ẹ̀dá, gbọ̀ngàn iwájú á di ti Ìyá Kòkòrò, obìnrin náà á sì máa fi ìtàn náà rẹ́rìn-ín títí dọjọ́ ogbó. Ó na imú sí atẹ́gùn náà.

"Ẹ wo bó ṣe ń dán!" ni ìyáàfin kan wí. Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú òkùnkùn.

"Ó mà ń mí!" ni bàbá arúgbó kan pariwo. "Ẹ wo àyà ẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà, tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wú ikọ́. "Ẹ̀rọ ni. A náwó sí i gan-an."

"Ó ń mí?" Ìyá Kòkòrò nìyẹn. "Ọ̀mọ̀wé tó ti ń pariwo látèṣí pé kò ní ẹ̀dọ̀fóró?"

Ọ̀mọ̀wé sé èémí rẹ̀. Àyà náà dúró jẹ́ẹ́.

"Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́," ni bàbá náà wí.

"Kò bàjẹ́, sà." Ohùn Ìyá Kòkòrò ti dé ẹ̀gbẹ́ etí Ọ̀mọ̀wé wàyí, ó rọ̀ bí òwú. "Tó bá jẹ́ pé awọ ló fi ń mí lóòótọ́, àyà yìí ò gbọdọ̀ tún gbéra mọ́. Mi ò kánjú. N ó dúró wò ó."

Ó sì dúró. Etí Ọ̀mọ̀wé ń hó. Àlàyé rẹ̀ dára, àbùkù kan ò sí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kà á fún àyà rẹ̀ tó ń jó bí iná?

"Ó ní in!" ni ẹ̀dá náà ké. "Ẹ̀dọ̀fóró! Méjì! Ẹ là mí, ẹ jọ̀ọ́!"

Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ sá sẹ́yìn bàbá arúgbó. Agbẹ́gilére, tó ń wọlé bọ̀, ju fáànù sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ la awọ náà láti ọrùn dé ìrù. Ọ̀mọ̀wé yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, òógùn ti rin ín gbindin, ooru ń yọ lára rẹ̀.

Ìyáàfin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bímọ nìyẹn?"

Ìyá Kòkòrò gbé omi wá fún un. Ọ̀mọ̀wé ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ìka kan sókè láti ilẹ̀ tó sùn sí.

"Rárá o," ló wí, bí èémí kò tilẹ̀ tíì balẹ̀ nínú rẹ̀. "Ẹyin ni wọ́n ń yé. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."