Áńgẹ́lì Tí Kò Lè Jí Jósẹ́fù

Bí ẹ bá rí ìdílé alápatà yìí ní Mísà ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó gba tiwọn. Ìjókòó kejì láti iwájú ni wọ́n máa ń wà, bàbá létí ọ̀nà, ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ọmọ méjèèjì láàárín. Àwọn ọmọ ẹlòmíì á máa rá wọ abẹ́ ìjókòó, wọ́n á máa ya ìwé orin jẹ, ọ̀kan á ké, ìkejì á gbè é. Àwọn ti alápatà kì í mira. Ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì pàápàá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹkún mì. Àwọn èèyàn á wò wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i bí ìgbàgbọ́ ṣe ń tọ́ ọmọ?"

Irọ́ ni o. Ìbẹ̀rù ni wọ́n ń wò tí wọ́n ń pè é ní ìgbàgbọ́, ó sì ń bí mi nínú títí dòní pé odindi ìjọ kò mọ ìyàtọ̀.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe alápatà náà, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó gbé ohùn sókè. Bó ti ń fi àáké la egungun itan màlúù lórí kùkùté, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa béèrè àlàáfíà ìyá oníbàárà. Ṣùgbọ́n ó ní awọ kan tó gùn tó apá, tó fi ń pọ́n ọ̀bẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e bọ̀ wálé, ìṣó tó ń gbé e kọ́ sì wà lábẹ́ àwòrán Ọkàn Mímọ́ Jésù ní yàrá ìjókòó. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á kúnlẹ̀ ka Ròsárì. Bí ọmọbìnrin náà bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, tàbí tó bá yán, bàbá rẹ̀ kò ní bú u. Á kàn sọ pé, "Na ọwọ́," á nà án, á sì máa bá àdúrà lọ láti ibi tó dá a dúró sí. Eyín iwájú kan ti yọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà máa ń sọ pé pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé òun ṣubú. Télọ̀ ni, àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́, bí ẹni pé ẹni tó ti ran aṣọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì mọ ibi tí pẹ́dà wà.

Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí Sístà Àgbà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, pe tọkọtaya náà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ó sì nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ tọkàntọkàn, a kò lè fi ìyẹn dù ú. Ó ní ọdọọdún làwọn ọmọ ń ṣeré ìbí Olúwa, àmọ́ lọ́dún yìí òun fẹ́ kí odindi ìdílé kan ṣe Ìdílé Mímọ́, kí àwọn òbí lè rí i pé inú ilé ni ìgbàgbọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun ti wo gbogbo ìjọ yíká. Ọmọ ta ló ń jókòó jẹ́ẹ́? Ìdílé wo ni kì í pẹ́ dé? Ó fa ìwé ẹ̀rí kan yọ tí wọ́n ti fi gíláàsì bò. ÌDÍLÉ ÀWÒKỌ́ṢE ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Ó ní òun á gbé e lé wọn lọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn tí eré bá parí.

"A dúpẹ́, Sístà," Jẹ́jẹ́ wí, ó sì tẹrí ba. "Ọlọ́run ló ń ṣe é."

Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ nìyí: Jẹ́jẹ́ ni Jósẹ́fù, ìyàwó rẹ̀ ni Màríà, ọmọ kékeré á sùn sínú ibùjẹ ẹran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ṣe áńgẹ́lì. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, ọkùnrin sísanra kan tí kò lè pa eṣinṣin, ni wọ́n ní kó ṣe Hẹ́rọ́dù. Ohun tí Sístà kọ fún áńgẹ́lì kò pọ̀. Lẹ́yìn tí Hẹ́rọ́dù bá ti pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ọmọ, Jósẹ́fù á sùn. Áńgẹ́lì á rìn wá, á fọwọ́ kàn án léjìká, á sì sọ pé, "Dìde. Gbé ọmọ náà, kí ẹ sá lọ. Wọ́n fẹ́ pa á." Ó parí.

Ológbò làwọn ọmọ kíláàsì ń pe ọmọbìnrin náà, torí pé ó lè rìn wá dúró sẹ́yìn èèyàn láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ dún. Wọn kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Oṣù méjì ṣáájú, ó lọ jí bàbá rẹ̀ lójú oorun ọ̀sán pé àlejò dé. Ẹ̀ṣẹ́ ti dé kí ojú tó là. Egungun èjìká ọmọ náà kò tò bọ̀ sípò dáadáa títí di báyìí. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìdánrawò, nígbà tí Jósẹ́fù dùbúlẹ̀ tó sì dijú, áńgẹ́lì rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọwọ́ kò dé ibi tó ń lọ.

"Áńgẹ́lì kì í bẹ̀rù, ọmọ mi," Sístà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣebí bàbá ẹ náà nìyẹn?"

Jẹ́jẹ́ là ojú láti ilẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, Sístà. A máa tún un ṣe nílé."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí wọ́n fi délé. Ó tẹ́ ẹní sí àárín yàrá ìjókòó, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó dijú, ó sì gbé awọ ìpọ́nbẹ sí ẹ̀gbẹ́ itan. "Ó yá, áńgẹ́lì. Wá jí mi."

Ọmọ náà rìn wá, kò lè fọwọ́ kàn án. Awọ dún. Ó tún wá, kò lè fọwọ́ kàn án. Awọ tún dún, ní ẹsẹ̀, lójú ọgbẹ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ní ìgbà kẹrin ó fọwọ́ kàn án, àmọ́ ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì jẹ ẹgba ti ohùn tó gbọ̀n. Ní ìgbà keje, ẹ̀jẹ̀ ti wọ inú ìbọ̀sẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Kò ké. Àbúrò rẹ̀ lábẹ́ tábìlì kò ké. Ìyá wọn ń ran apá aṣọ áńgẹ́lì nídìí ẹ̀rọ, ó ń ran án lọ síbi tí kò sí ojú ìrán kankan, nígbà tó yá ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ó tó báyìí. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Jẹ́jẹ́ dìde. Kò yára. Ó gbá ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀ mú, ó gbé ìka ìfábẹ̀lá sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì fi ọwọ́ kejì yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Abẹ́rẹ́ wọ inú èékánná, ó yọ lódì kejì. Obìnrin náà gbọ́ bó ṣe kan irin ìsàlẹ̀. Òkùnkùn bo ojú rẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ padà, apá aṣọ funfun náà ti pọ́n dé ìgbọ̀nwọ́. Ọkọ rẹ̀ ló yí kẹ̀kẹ́ padà. Òun náà ló lọ mú òwú àti sípíríìtì wá, ó wẹ̀ ẹ́, ó dì í dáadáa, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i.

"Kí lo ń dá sí i fún?" ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ. "Gbogbo ìjọ ló máa wò wá. Tí o bá dójú tì mí lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tí kò lè kan èjìká bàbá rẹ̀ yẹn, màá ṣẹ́ ẹ ká tó jẹun Kérésìmesì."

Bí ẹni tó ní òun á ra búrẹ́dì bọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Egungun sì niṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ni télọ̀ náà ń rò: ọwọ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀. Ó gé apá aṣọ mìíràn. Ó fi wáyà àti aṣọ ìkélé ran ìyẹ́ méjì. Tó bá ti wọn apá ọmọ náà, téèpù á dúró lórí ọrùn ọwọ́, á sì máa wo bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ó bínú sí Sístà, ó bínú sí ìwé ẹ̀rí onígíláàsì, ó wá bínú sí ara rẹ̀ jù wọ́n lọ, nítorí òun ló kọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi bo ẹnu èyí tó kéré.

Ní ọ̀sán kan tí Jẹ́jẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù, Ológbò dúró lórí àpótí kí ìyá rẹ̀ lè ká etí aṣọ náà. Ó ní, "Màámi, lọ́jọ́ tí wọ́n sá lọ yẹn, ta ló gbé ọmọ náà?"

Píìnì wà lẹ́nu ìyá rẹ̀. "Màríà ni. Jósẹ́fù ń fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

"Ó dáa," ọmọ náà wí, kò sì béèrè nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ eré pé, gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Fádà wà níwájú, Sístà Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí lórí itan. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, télọ̀ náà rí báàgì ọkọ rẹ̀, ó sì rí orí awọ náà tó yọ síta. Hẹ́rọ́dù jáde pẹ̀lú adé páálí, ó pàṣẹ kí wọ́n pa gbogbo ọmọ, adé bọ́ sí i lójú, ilé fi ẹ̀rín sí i. Lẹ́yìn náà Jósẹ́fù fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó dijú. Màríà jókòó ti ibùjẹ ẹran, ọmọ kékeré inú rẹ̀ ń wò láìdún.

Áńgẹ́lì wọlé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró sókè orí bàbá rẹ̀, ó na ọwọ́. Télọ̀ náà rí i tí ọwọ́ ọ̀tún ọkọ òun ń di ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ aṣọ Jósẹ́fù. Fọwọ́ kàn án, ó ń bẹ̀bẹ̀ nínú, fọwọ́ kàn án, ọmọ mi.

Ọmọ náà ká ọwọ́ kò. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ Jósẹ́fù, ó rìn wá bá ìyá rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

"Dìde," ó wí. "Gbé ọmọ náà, kí ẹ sá lọ. Wọ́n fẹ́ pa á."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ìyá rẹ̀ lọ́kàn ni pé ọmọ òun ti ṣì í, ọwọ́ ti lọ nìyẹn. Ó gbójú sókè láti fi ojú ṣẹ́ sí i. Ó wá rí i pé ọmọ náà kò ṣi nǹkan kan. Ó dìde. Ó gbé ọmọ kékeré jáde nínú koríko, ó gbé e lé ìbàdí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, áńgẹ́lì tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ọ̀nà tuntun tí Sístà gbé e gbà nìyẹn.

Jósẹ́fù là ojú. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe dìde, ó sì wà níbẹ̀ bó ṣe nawọ́ gán ìyẹ́ áńgẹ́lì lórí àtẹ̀gùn, tí wáyà fi ya kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. "Padà síbẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ láìdún. Ìyá rẹ̀ wẹ̀yìn. Ọ̀pá Jósẹ́fù wà létí pèpéle, ó fi ọwọ́ tí wọ́n dì ní ìka gbé e, ó sì là á mọ́ ìgbọ̀nwọ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó tún un nà, lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí, eyín iwájú kan sì ta sílẹ̀ níwájú Fádà. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

Ìgbà yẹn ni ìjọ gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́. "Màá pa yín," ó ké, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀. "Màá pa ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó bẹ́ sílẹ̀, ó gba ìyàwó rẹ̀ lójú débi tí obìnrin náà fi fìdí jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọmọ tó wà láyà rẹ̀. Hẹ́rọ́dù ló dì í mú. Dírẹ́bà sísanra náà, adé páálí lọ́rùn, so ọwọ́ mọ́ ọn níkùn látẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ṣubú sáàárín àwọn àga, Jẹ́jẹ́ ń gé e lápá jẹ, òun náà kò sì tú u sílẹ̀.

Sístà Àgbà ti dìde. Gíláàsì ìwé ẹ̀rí ti fọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ áńgẹ́lì, níbi tí aṣọ ti ká sókè, ó rí àwọn ìlà pupa tó tò síbẹ̀, ó sì rí gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí òun fi wo àwọn ọmọ náà tí òun ń yin Ọlọ́run. Ó sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ó tì í padà, ó sì fẹ̀yìn tì í.

Oòrùn ṣì wà níta. Wọ́n rìn kọjá ilé mẹ́rin, Màríà pẹ̀lú ojú wíwú, áńgẹ́lì pẹ̀lú ìyẹ́ kan, tó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún dání.

"Ṣé ó ti ṣẹ́?" ìyá béèrè.

"Ó ń dùn mí, àmọ́ ìka ń mira." Ó mì wọ́n kí ìyá rẹ̀ lè rí i. "Ibo là ń lọ, Màámi?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi." Ọdún márùn-ún ló ti ń sọ gbólóhùn yẹn nínú ọkàn rẹ̀. "Kí ló dé tí o jí mi?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé Màríà ló gbé ọmọ náà. Mo wá rò pé ẹni tó máa gbé e ló yẹ kí n jí."

Ìgbà yẹn ni ọmọ kékeré náà lanu, tí ó sì bú sẹ́kún, ẹkún ńlá tí kò jọ ti ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, láàárín ọ̀nà, lójú gbogbo ayé. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti gbéra láti bò ó lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Ó dá ọwọ́ náà dúró, ó gbé e lé e lẹ́yìn, ó sì jẹ́ kó ké.