Ẹni Tó Di Imú Ààrẹ Mú

Èmi Ezra Gaines ni mo fá irùngbọ̀n Ààrẹ mẹ́ta nínú Ilé Funfun ní Washington, ọwọ́ mi kò sì ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fọ́nnu, ẹ máa mọ̀.

Ààrẹ tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, oorun ló máa ń sùn lórí àga mi. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Iṣẹ́ Ààrẹ nígbà náà kò ju kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó bọ àlejò lọ́wọ́, kí ó sì kọ lẹ́tà gígùn kan sí ilé aṣòfin lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí akọ̀wé kan á lọ máa kà sí wọn létí bí ẹni ń ka ara ìgò oògùn. Àwọn sẹ́nétọ̀ ló ni ìlú. Ẹnu ọ̀nà wọn ni àwọn akọ̀ròyìn máa ń dúró sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Èyí dùn mọ́ Amos Pettiford, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, nítorí pé òun ni onígbàjámọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè tí a bá jókòó ti adìyẹ díndín Lottie ìyàwó mi, ẹnu Amos kì í sinmi.

"Ezra, oníbàárà rẹ tó ń hanrun yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti jí?"

"Àlàáfíà ló wà, ẹ̀gbọ́n."

"Lọ́dọ̀ tèmi lánàá, sẹ́nétọ̀ mẹ́ta parí òfin tuntun kan kí n tó nu ọṣẹ kúrò létí wọn. Ìwọ ńkọ́? Kí lo gbọ́ lọ́dọ̀ tìẹ? Ìró imú!"

Lottie á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí n má purọ́, ó máa ń dùn mí.

Ìgbà tó yá ni wọ́n dìbò yan Thaddeus Brockway. Háà! Ọkùnrin yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, méjì méjì ló ń fò ó. Tó bá ti ilẹ̀kùn, gbogbo ilé ló máa mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó dé, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí àwọn akọ̀ròyìn tí òjò ń pa lẹ́nu géètì.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" ló bi Ọ̀gbẹ́ni Whitlock, akọ̀wé rẹ̀.

"Wọ́n ń dúró de àwọn àlejò yín, sà, kí wọ́n lè bi wọ́n ní ohun tí ẹ sọ."

"Ṣé èmi fúnra mi kò lẹ́nu ni? Ní kí wọ́n wọlé."

"Sà, kò sí Ààrẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"Ọ̀kan ti wà báyìí. Ní kí wọ́n wọlé, jàre."

Àmọ́ àyè dà? Gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ti kún. Ìgbà kan ṣoṣo tó máa ń fi ìdí lélẹ̀ ni aago kan ọ̀sán, tí mo bá ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kó akọ̀ròyìn márùn-ún yí àga mi ká nìyẹn, tàwọn ti pẹ́ńsùlù wọn.

Whitlock fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gaines, ojú rẹ kò rí, etí rẹ kò gbọ́. Ọjọ́ tó o bá dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba, ọjọ́ náà lo kúrò níbí."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní aya, mo ní ọmọbìnrin mẹ́ta, àga yẹn nìkan sì ni mo ní tí mo lè fi gbé orí sókè níwájú Amos.

Ẹ wá wo ìyà! Ààrẹ á máa sọ̀rọ̀, á máa na ìka, á fẹ́ dìde, tòun ti ọṣẹ lẹ́nu, tí abẹ mi wà lọ́fun rẹ̀. Òógùn á bò mí. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń rí ìsinmi ni ètè òkè. Nídìí iṣẹ́ wa, òun la kọ́kọ́ máa ń fá. A ó fi ìka méjì di imú oníbàárà mú, a ó gbé e sókè díẹ̀, kí abẹ lè ráyè kọjá. Ẹni tó bá wà nípò yẹn kò lè sọ̀rọ̀, Ààrẹ ni o, ọba ni o. Àwọn akọ̀ròyìn náà tètè mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n máa ń da gbogbo ìbéèrè wọn sílẹ̀, pàápàá Dudley Finch, ọmọkùnrin tín-ínrín kan tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Tí mo bá fi imú sílẹ̀ báyìí, ìdáhùn á tú jáde.

Kí ọdún kan tó pé, nǹkan ti yí padà. Ohun tí Brockway bá sọ lórí àga mi lọ́sàn-án, gbogbo orílẹ̀-èdè ti kà á kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Táwọn sẹ́nétọ̀ bá sọ pé àwọn kò fẹ́ òfin rẹ̀, á fẹjọ́ wọn sun ìlú láti orí àga yẹn, àwọn ará ìlú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà èébú sí wọn. Akọ̀ròyìn kò yà sọ́dọ̀ Amos mọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ń jẹ adìyẹ bí ẹni tó ń jẹ oògùn.

"Oníbàárà rẹ yẹn, ṣé kò ka ìwé òfin ni? Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí Ààrẹ máa pariwo kiri báyìí?"

"Wọn ò kọ ọ́ pé kó má pariwo, ẹ̀gbọ́n."

"Ezra, ẹnu rẹ ti ń mú o!"

"Abẹ mi ló mú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ ẹsẹ̀ adìyẹ kan sí i."

Lọ́dún kejì ni àwọn tó ń wa èédú nínú ilẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a sì fi máa wọ oṣù kẹwàá, kò sí èédú tí a ó fi yáná ní Washington mọ́. Òtútù ti dé. Ẹ̀wù àwọ̀lékè ni àwọn ọmọ mi ń wọ̀ sùn, Lottie sì ti dáná sun àga méjì nílé wa. Brockway ní òun máa pe àwọn tó ni ibi ìwakùsà àti àwọn òṣìṣẹ́ wá sí Ilé Funfun, kí wọ́n jókòó yanjú rẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ figbe ta pé kò kàn án, pé kò sí Ààrẹ tó dá sí irú rẹ̀ rí. Ó pè wọ́n síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn olówó náà fajúro wá, wọ́n wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú wa. Aago mẹ́ta ni ìpàdé.

Ní aago kan, mo ti fá ètè tán, mo ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, mo ń bọ̀ lórí èkejì. Finch la ẹnu.

"Sà, olórí àwọn olówó èédú sọ fún wa láàárọ̀ yìí pé eléré orí ìtàgé lásán ni yín. Ó ní ẹkún àwọn òtòṣì lẹ fẹ́ fi gba àtẹ́wọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n kọ?"

Mo mọ ọrùn Ààrẹ ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Iṣan kan wà níbẹ̀, lápá òsì, tó máa ń le kí ọ̀rọ̀ burúkú tó jáde. Ó ti le báyìí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ààrẹ wí. "Sọ fún òpònú olójú kòkòrò yẹn pé..."

Mo mọ̀ pé tí èyí tó kù bá jáde, ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ á gbé e, àwọn olówó yẹn á sì ti wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé kí aago mẹ́ta tó lù. Mo rántí àwọn ọmọ mi nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gbéra. Mo di imú Ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà mú, mo sì gbé abẹ lé ètè rẹ̀.

Ètè tí mo ti fá tán! Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú yàrá yẹn. Pẹ́ńsùlù márààrún dúró. Ojú Whitlock funfun ju aṣọ ìnujú mi lọ. Ààrẹ yí ojú sókè, ó ń wò mí. Èmi kò wò ó o. Mò ń fá a lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi bí ẹni pé igbó ló wà níbẹ̀. Mo dúró títí iṣan ọrùn yẹn fi rọlẹ̀. Ìgbà náà ni mo fi imú sílẹ̀.

Ó mí kanlẹ̀. "Kọ ọ́ pé mò ń retí wọn ní aago mẹ́ta, Finch. Kọ ọ́ pé kọfí máa gbóná."

Nígbà tí a dé ọ̀ọ̀dẹ̀, Whitlock na ọwọ́ sí mi. "Gbé àpò abẹ rẹ wá. O ti fọwọ́ ara rẹ di ẹrù rẹ."

Mo gbé e fún un, mo fẹsẹ̀ rìn délé. Lottie bá mi sunkún díẹ̀, ó sì ní mo ṣe é dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, aago kan ọ̀sán ti kọjá nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Whitlock ló wà nínú rẹ̀, ó gbé àpò abẹ mi lé itan bí ọmọ tuntun.

"Wọlé," ló wí. "Ó ti pa ọṣẹ sójú, ó ní ẹlòmíì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun."

Nígbà tí a débẹ̀, ọṣẹ náà ti gbẹ. "Ezra," ni Ààrẹ wí, "irun wo lo rí lórí ètè mi lánàá?"

"Kò sí irun kankan níbẹ̀, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ọṣẹ ta sí Finch láṣọ. "Àwọn olówó èédú ti gbà láti ṣe ìpàdé kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ń padà sínú kòtò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti ọdún méjì ni àwọn sẹ́nétọ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa pa mí lẹ́nu mọ́, pẹ̀lú gbogbo agbẹjọ́rò wọn. Ìka méjì ni ìwọ lò! Láti òní lọ, ètè ni kó o máa fi sẹ́yìn. A ò mọ ìgbà tá a máa nílò rẹ̀."

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ó fi lo ìgbà rẹ̀ tán.

Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ni Ellis Corwin, adájọ́ tẹ́lẹ̀ rí, tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹlé lọ. Ó ra abẹ ìgbàlódé tí kì í géni, òun fúnra rẹ̀ ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀. Whitlock ní kí n kó ẹrù mi, wọn kò nílò onígbàjámọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní tí Corwin wọlé, mo ń ká aṣọ ìnujú mi nígbà tí aago lu kan. Ilẹ̀kùn ṣí. Akọ̀ròyìn márùn-ún wọlé, wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, Finch ló ṣíwájú, ó ti ń yọ ikùn.

"Ààrẹ dà?"

"Ẹni yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni Whitlock dáhùn.

"Brockway ló ti lọ, Ọ̀gbẹ́ni Whitlock. Aago kan ò lọ síbì kankan. Gbogbo ìlú ń dúró de ohun tí Ààrẹ máa sọ. Ṣé ká kọ ọ́ pé ó sá fún wa ni?"

Whitlock jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, Corwin tẹ̀ lé e lẹ́yìn, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí ẹyin. Ó wo àwọn márààrún, ó wò mí, ó wo àga, ó sì rọra jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni tó rò pé ó gbóná.

"Mo ti fá a láàárọ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Gaines," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo rí i, sà."

Mo po ọṣẹ, mo fi kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́ dáadáa, mo sì fi ètè sẹ́yìn.