Àwọn Ẹyẹ Funfun Omijẹ́jẹ́

3.

…funfun débi pé ẹni tó bá dúró lórí títì Ẹmùré yóò rò pé àwọn obìnrin ló sáṣọ sórí omi. Lékeléke ni gbogbo rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé ni wọ́n ń dé. Wọ́n á bà sórí igi àfọ̀n etí adágún títí ẹ̀ka á fi tẹ̀. Àwa ọmọdé á na èékánná sí wọn, kí wọ́n fún wa ní funfun díẹ̀.

(Ìpín 1 àti 2 ti bọ́ sọnù nínú orí mi. Ẹ má wá wọn. Ẹni tó ti pẹ́ ní Kàdúná tó bí mo ṣe pẹ́, ẹ bá a yọ̀ pé 3 ṣì kù.)

4.

Ohun tí Olúbùnmi ìyàwó mi, ọmọ Abẹ́òkúta, máa ń fi dáhùn:

"Irọ́."

5.

Pálọ̀ wa, Kàdúná. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ relùwéè.

ÈMI: Ìyá Mofẹ́, jẹ́ ká lọ kọ́lé sílé.

ÒUN: Sílé ta ni?

ÈMI: Sílé wa. Ilẹ̀ bàbá mi wà létí adágún Omijẹ́jẹ́.

ÒUN: Hẹn-ẹ́n. Níbi tí ẹyẹ ti ń sáṣọ.

ÈMI: O tún ti bẹ̀rẹ̀.

ÒUN: Láti ìgbà tí ẹ ti ń fẹ́ mi ni mo ti ń gbọ́ ẹyẹ yìí. Ó dáa, ẹ mú mi lọ. Bí mo bá fojú ara mi rí wọn, a ó kọ́lé síbẹ̀, n ó sì máa jẹyán láràárọ̀ bí ọmọ Èkìtì. Bí n kò bá rí wọn, ẹ ò ní dárúkọ ilé kíkọ́ létí mi mọ́ láyé.

ÈMI: Ó parí.

ÒUN: Kò tíì parí. Ẹ ṣì máa wa mọ́tò débẹ̀.

6.

Mo rán awakọ̀ kan sí àbúrò mi, Adéyínká: "À ń bọ̀ lásìkò Kérésì. Ìyàwó mi fẹ́ wá wo adágún."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

7.

ÌKÉDE! ÌKÉDE! ÌKÉDE!

Láti ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Ìgbafẹ́ Omijẹ́jẹ́ (Alága: Adéyínká)

Ìpínlẹ̀ wa ti di tuntun. Àlejò ń bọ̀ láti Òkè Ọya wá wo adágún wa. Ṣé inú igbó la ó ti gbà wọ́n?

Kí gbogbo ilé gbé àdá àti ọkọ́ jáde ní Sátidé.

Ẹni tí kò bá wá, ewúrẹ́ rẹ̀ á wá.

8.

Àlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará wa:

Lọ́dọ̀ tiwa, koríko ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ̀sín onílé ni. Bí àlejò bá ń bọ̀, iyán kọ́ là ń kọ́kọ́ gún. Oko là ń kọ́kọ́ ro. A ó ro ó, a ó gbá a, a ó to òkúta sétí rẹ̀, a ó kun òkúta ní ọ̀dà funfun. Bí ìyá àgbà kan bá jókòó pẹ́ jù níbẹ̀, wọ́n lè kun òun náà mọ́ ọn.

9.

Wọ́n ro Omijẹ́jẹ́.

10.

Ohun tí wọ́n kó kúrò: koríko etí omi. Ọparun. Igi àfọ̀n. Pàǹtí (ìtẹ́ ẹyẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀).

Ohun tí wọ́n gbé wá: atíbàbà. Àga rọ́bà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òkúta funfun, yí gbogbo omi ká.

11.

IBÙDÓ ÌGBAFẸ́ ÀTI ÌWÒRAN ẸYẸ
OMIJẸ́JẸ́
Ẹ MÁ PARIWO
KÍ ẸYẸ MÁ BÀA SÁ

12.

ÈTÒ ỌJỌ́ NÁÀ

Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀.
Ìkíni káàbọ̀, láti ẹnu Alága.
Ọ̀rọ̀ ìṣírí, láti ẹnu Alága.
Jíjẹ, mímu.
Ìdúpẹ́, láti ẹnu Alága.
Wíwo ẹyẹ (bí àyè bá wà).
Àdúrà ìparí.

13.

Ìkẹ́rẹ́ la sùn. Láàárọ̀ a gba Ìṣẹ̀ kọjá. Ọyẹ́ bo ilẹ̀ bí èéfín. Adéyínká ti dúró dè wá lórí títì, ní òkè adágún, nínú kóòtù. Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

ADÉYÍNKÁ: Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wo uṣẹ́ ọwọ́ wa! Kò sí ugbó kankan níbẹ̀ mọ́!

ÈMI: Adéyínká. Igi àfọ̀n dà?

ADÉYÍNKÁ: A ti gé e. Ó ń dàwé sómi.

ÈMI: Àwọn ẹyẹ ńkọ́?

ADÉYÍNKÁ: Wọ́n ń bọ̀.

ÈMI: Láti ibo?

ADÉYÍNKÁ: Ẹ̀yin náà mọ ìwà ẹyẹ. Wọ́n gbọ́ ariwo àdá, wọ́n yà sápá Ògbèsè díẹ̀. Wọ́n á dé kí a tó jẹun tán. Mo fi wọ́n sínú ètò.

14.

Olúbùnmi bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Ó dúró létí títì. Ó wo ìsàlẹ̀.

OLÚBÙNMI: Yéè.

(Ó tún sún mọ́ etí títì.)

OLÚBÙNMI: Bàbá Mofẹ́. Wọ́n mà pọ̀ o.

Mo tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Òkúta ni. Òkúta ọlọ́dà, nínú ọyẹ́, wọ́n funfun yí omi ká.

OLÚBÙNMI: Wọ́n tò bí ọmọ iléèwé láàárọ̀ Mọ́ńdè.

ADÉYÍNKÁ: Èmi ni mo tò wọ́n, ìyàwó wa.

Mo tẹ ẹsẹ̀ Adéyínká mọ́lẹ̀.

Olúbùnmi na ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ́ èékánná rẹ̀ sí wọn.

15.

Ohun tí mo lè sọ:

a. Òkúta ni.
b. Ẹyẹ ni.
d. Oúnjẹ ti délẹ̀.

16.

"Oúnjẹ ti délẹ̀."

17.

Ó ní ebi kò tíì pa òun. Ó bọ́ bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹyẹ fò.

Adéyínká fẹ́ tẹ̀ lé e. Mo di kóòtù rẹ̀ mú.

Ó dé ìdí ti àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí.

Ẹ̀RỌ GBOHÙNGBOHÙN: Ẹ MÁ PARIWO O! KÍ ẸYẸ MÁ BÀA SÁ!

18.

Ó gòkè padà. Ó jẹ iyán. Ó pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ọ̀rọ̀ Alága. Ó kúnlẹ̀ kí àbúrò mi: "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ mà tọ́jú wọn dáadáa."

Lọ́nà Kàdúná:

ÈMI: Ìyá Mofẹ́, ilé ńkọ́?

ÒUN: Ẹ wo iwájú. Ẹ̀ ń wa mọ́tò.

19.

Ọdún ti gorí ọdún. Adéyínká ṣì ń ránṣẹ́ pé àwọn ń ro ilẹ̀ ilé wa. Ó ní koríko kan kò sí níbẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù kan kò sí níbẹ̀ náà.

Bí ọyẹ́ bá dé, ó ní lékeléke méjì tàbí mẹ́ta máa ń yí ká lókè. Wọ́n á wò. Wọ́n á lọ.

Igbó ni wọ́n ń wá. A kì í fi igbó gba àlejò.

20.

Òkúta funfun kan wà lójú fèrèsé pálọ̀ wa, ní Kàdúná. N kò rí ọjọ́ tó gbé e wọ mọ́tò.

Motọ́láyọ̀, obìnrin tó ń gbé lódìkejì, bi í léèrè lójú mi.

MOTỌ́LÁYỌ̀: Mà, kí lèyí?

OLÚBÙNMI: Ẹyẹ ni. Láti ìlú ọkọ mi.

Kò rẹ́rìn-ín. Kò wò mí. Ó fi etí ìró nù ún.

Ó sì kọ̀ kí n ti fèrèsé náà, nínú ọyẹ́ Kàdúná.