Igun Tó Kọ̀ Tí Kò Pàdé

Igun kẹrin náà kò pàdé. Àlàfo tó wà láàárín pákó méjèèjì fẹ̀ débi pé owó ẹyọ lè gba ibẹ̀ kọjá. Aránṣọ gbé férémù náà lọ síbi fèrèsé, ó di ojú kan, ó fi ìkejì wò ó, ó sì là á mọ́lẹ̀ gbàgà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Igi tó dára ti di igi ìdáná.

"Ọlọ́wọ́-wíwọ́ ti tún dé," ó wí fún ara rẹ̀. Inú wá bí i ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló fi pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ yẹn. Káfíńtà ni bàbá náà, Aránṣọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí Aránṣọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Bàbá ní kó kan àpótí kékeré kan. Ó kàn án, igun rẹ̀ yánu. Ó kan òmíràn, ìyẹn náà yánu. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, bàbá gbé e sókè lójú àwọn oníbàárà, ó ti ìka bọ àlàfo rẹ̀, ó ní, "Ẹ wo ọmọ yìí o. Ọwọ́ rẹ̀ wọ́. Igi kọ́ ni yóò bọ́ ọ." Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fà á lé obìnrin tó ń ránṣọ lódìkejì títì lọ́wọ́. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, torí kò sí òórùn tó fẹ́ràn láyé tó òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ohun tó fẹ́.

Ogójì ọdún ó lé méjì ti gorí ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó sì là nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ tó rán padà wá rí pé ojú rírán rẹ̀ wọ́. Síbẹ̀, bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí ẹbí jókòó sí, ẹnì kan á kígbe pé, "Ọlọ́wọ́-wíwọ́!" gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dénú rí lọ́jọ́ kankan.

Àwòrán bàbá yìí kan náà ló mú kí Aránṣọ tún padà sídìí igi. Ikán ti jẹ férémù rẹ̀, dígí rẹ̀ ti fọ́, ìyá wọn sì ń tọ́jú àwòrán náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀dọ̀ Aránṣọ ni ìyá ń gbé. Ó di ọdún mẹ́ta tí ìyá ti ń bẹ ẹ̀gbọ́n, tó jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá, pé kó bá òun fi igi mẹ́rin yí àwòrán náà ká. "Lọ́la, Màmá," ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí. Ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò, igi mẹ́rin péré ló wá di òkè fún! Nígbà tí etí Aránṣọ kún, ó lọ ra ẹ̀rọ ayùn kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì nínú ilé. Abẹ rẹ̀ rí roboto, èèyàn á fà á wálẹ̀ sórí igi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣeé yí, kó lè gé igi tààrà tàbí kó gé e fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aránṣọ pinnu pé òun lòun máa kan férémù náà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pàdé, ìyá á fi kọ́ ògiri, kò sì sẹ́ni tó tún máa pe òun ní Ọlọ́wọ́-wíwọ́ títí ayé.

Ṣùgbọ́n a kì í to irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìsí irin igun, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí káfíńtà fi ń mọ̀ bóyá igun gún tàbí kò gún. Ó lọ yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Ẹ̀rọ ìṣeré lo lọ kówó lé yẹn. Ìwọ náà, ṣé o ò lè jókòó ti aṣọ rẹ jẹ́ẹ́ ni?"

"Ẹ ṣáà yá mi ní irin igun, Bùọ̀dá."

Ó nawọ́ sókè ògiri, ó yọ ògbólógbòó kan kúrò lórí ìṣó. Ìdí rẹ̀ tó jẹ́ igi ti dúdú fún ọwọ́ tó ti dì í mú. "Gbà, má wulẹ̀ dá a padà. Ti Bàbá ni. Òun la fi kọ́ṣẹ́."

Omi bọ́ lójú Aránṣọ lọ́nà ilé. Nínú gbogbo ohun tí bàbá fi sílẹ̀, irin yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó kàn án.

Ó fi bóòtù mẹ́rin de ẹ̀rọ mọ́ tábìlì. Ó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ó fa abẹ wálẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan irin igun ti ara abẹ náà, láàárín eyín méjì, torí bí irin bá gun orí eyín, irọ́ ló máa pa. Ẹsẹ̀ kejì, ó gbé e ti igànná irin kékeré tí igi máa ń fẹ̀yìn tì. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín yọ láàárín wọn. Ó tú bóòtù igànná náà, ó fọwọ́ gbá a díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ ò fi yọ mọ́, ó sì dè é pinpin. Ó yí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ lọ sí àmì márùndínláàádọ́ta. Ògiri yàrá ń dí i lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí náà apá òsì nìkan ló fi ń gé. Bó bá fẹ́ gé orí kejì igi náà, á dà á dojú bolẹ̀. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Igun ò pàdé. Ó tún fi irin bàbá yẹ ẹ̀rọ wò, irin bàbá ní kò séwu, igun tún yánu. Èyí tó là mọ́lẹ̀ yìí ni ìkẹta.

"Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì," ó pariwo. "Ẹ̀rọ tó ti wọ́ láti ilé ni wọ́n tà fún mi!" Ó fa ìwé tó bá ẹ̀rọ wá yọ nínú páálí, kó lè rí nọ́ńbà àwọn tó ṣe é, kó bú wọn délé. Kò rí nọ́ńbà. Ojú ewé kejì, tó ti ṣí fò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ló bọ́ sí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí èèyàn tó fi irin igun yẹ ẹ̀rọ wò, kó kọ́kọ́ yẹ irin igun náà wò. Kó fi fa ìlà lórí pákó tí etí rẹ̀ gún, kó yí irin náà padà, kó sì tún fa ìlà láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá di ọ̀kan, irin gún. Ó mọ ìdí tóun fi ṣí i fò. Ta ló ń yẹ irin bàbá ẹni wò?

Ó mú pákó, ó fa ìlà. Ó yí irin bàbá padà, ó tún fà á. Ìlà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, lẹ́yìn náà wọ́n yà kúrò lára wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí.

Ó jókòó sórí lẹ́búlẹ́bú igi nílẹ̀. Ẹ̀rọ náà gún láti ilé tó ti wá. Irin yìí ló fi bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe férémù ló ń rò mọ́. Àpótí mẹ́ta ló ń rò. Bàbá ní irin igun tirẹ̀ tó tóbi, tí ọmọ kan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Èyí ni tàwọn ọmọ. Ó wá rántí pé lóṣù tí wọ́n lé e yẹn, ẹ̀gbọ́n ò fọwọ́ kan irin yìí rárá. "Máa lò ó, àbúrò mi," ló ń wí, òun sì rò pé ìfẹ́ ni. Ọwọ́ òun ò wọ́ rí! Ó gbé pákó náà àti irin igun, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ń gé igi lọ́wọ́ nígbà tó já wọ ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ò kí i. Ó fa wáyà ẹ̀rọ yọ lára ògiri, ariwo kú, ó sì gbé pákó onílà méjì náà ka iwájú rẹ̀, ó gbé irin igun lé e.

"Ẹ wò ó."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Kò béèrè ohun tó jẹ́. Ibẹ̀ ni Aránṣọ ti mọ̀ pé ó mọ̀.

"Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi ni," ẹ̀gbọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Orí àkàbà ni mo wà, sìmẹ́ńtì ló bọ́ lé. Ẹ̀rù Bàbá bà mí, mo bá gbé e kọ́ padà."

"Ẹ gbé e kọ́ padà, ẹ wá ní kí n máa lò ó."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà yẹn."

"Mẹ́tàlá lèmi! Ẹ dúró síbẹ̀ nígbà tí Bàbá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn èèyàn. Ẹ tún bá wọn rẹ́rìn-ín!"

"Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Tọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ṣé àtijọ́ nìyẹn náà? Ọdún kọkànlá rèé tí Bàbá ti kú. Ẹ̀rù ta ló tún ń bà yín lọ́sẹ̀ tó kọjá tẹ́ ẹ fi gbé e fún mi?"

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ nu lẹ́búlẹ́bú lójú. "Mo rò pé wàá gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sú ẹ, wàá sì fi sílẹ̀. Tí aránṣọ bá ń ti inú yàrá kan férémù, àwa tá a fi gbogbo ayé wa kọ́ ọ, kí la wá jẹ́?"

Ẹ ò ráyé bí? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọwọ́ Aránṣọ ń yún un láti fọ́ nǹkan. "Ẹ" ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tó máa ń bá a rìn ti lọ. Ó mú irin igun tuntun tó ń dán lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n, ó tì í sínú báàgì pẹ̀lú ògbólógbòó náà.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiyín lọ fún ogójì ó lé. Ẹ máa bọ̀ nílé lọ́la, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún Màmá. Bẹ́ ẹ ò bá wá, pákó yìí ni màá kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà yín, kí àwọn oníbàárà yín máa wò ó."

Lẹ́yìn tó délé, ó kọ́kọ́ yẹ irin tuntun náà wò. Ìlà méjèèjì di ọ̀kan. Ó tú igànná, ó tún un tò, ó sì rí i pé ó padà sí ibi tó wà gan-an nígbà tó yọ ọ́ nínú páálí. Ó gé igi mẹ́rin, ó fi gáàmù sí i, ó fi okùn dì í, ó sì dúró kí gáàmù gbẹ. Nígbà tó tú okùn náà, ó mú fọ́nrán òwú kan, ó fẹ́ tì í bọ igun. Òwú ò wọlé. Igun kejì, kò wọlé. Kò wọlé níbì kankan. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ìbínú ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló gbà á lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n wá lọ́jọ́ kejì. Ìyá ti jókòó, àwòrán wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, férémù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dojú kọlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àkàbà dé tọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aránṣọ ń wo ojú ìyá, ó ń retí kó kígbe.

Ìyá ò kígbe. "Bàbá yín mọ̀," ó wí.

"Kí lẹ wí, Màmá?" Aránṣọ bi í.

"Kò tó oṣù kan tó o kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó fi rí i pé irin yẹn wọ́. Ó sọ fún mi. Mo ní kó lọ pè ẹ́ padà. Ó ní àgbà kì í tutọ́ sílẹ̀ kó tún fẹnu lá a. Ó ní o ṣáà ti ń mọ aṣọ rán, kí la tún ń wá?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀." Ohùn Aránṣọ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń bá wọn pè mí ní Ọlọ́wọ́-wíwọ́."

Ìyá fi àtàǹpàkò nu ojú àwòrán. "Ó ti mọ́ wa lẹ́nu ni, ọmọ mi."

Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu! Ẹnì kan ni Aránṣọ rò pé ó ṣẹ òun. Gbogbo ilé ni.

"Gbà," ìyá wí, ó na àwòrán sí i. "Bá mi fi sí férémù rẹ. Ó dára gan-an. Ó gún."

Aránṣọ gba àwòrán náà, ó wo ojú bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n, ó gbé àwòrán náà lé e lọ́wọ́. Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ irin igun àtijọ́ jáde, ó gbé ìyẹn náà lé e.

"Ẹ̀yin lẹ jogún Bàbá. Ẹ lọ kan férémù fún wọn. Irin tí wọ́n fi wọn èmi ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n."

Férémù tirẹ̀, yàrá ìránṣọ ló gbé e kọ́ sí, lófìfo. Bí oníbàárà bá béèrè àwòrán tó yẹ kó wà níbẹ̀, á ní kò sí àwòrán kankan. Kí wọ́n sún mọ́ ọn, kí wọ́n wo igun.