Kànga Tí Wọ́n Fi Ìpìlẹ̀ Rẹ̀ Lélẹ̀

"Pa á! Akpevwe, pa ẹ́ńjìnnì yẹn!"

Ẹnu Morádéún ni ariwo náà ti jáde. Ọ̀pá irin tó ń yí nínú ihò ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ń mì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohùn kan ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bọ̀, ohùn irin tó ń ha irin. Akpevwe, tó ń darí ẹ̀rọ, pa á. Àgbàlá ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Madam, e don jam something o," Akpevwe ní.

"Mo gbọ́."

Martins gbórí sókè lábẹ́ kánópì. Òun ló ni ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àga oníke, ó ń jẹ gúgúrú. "Kí ló dé tí ẹ fi dúró?"

"Nǹkan wà nísàlẹ̀, sà."

"Òkúta ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, á fọ́."

Morádéún wò ó. "Òkúta kẹ̀? Ní Amùkòkò? Àwọn tó ń kọ́lé ládùúgbò yìí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń ra òkúta wá, sà. Iyanrìn àti amọ̀ ni Ọlọ́run fi ṣe ilẹ̀ yìí. Ohun yòówù tó bá le níbẹ̀, ẹnì kan ló jù ú sí i."

Àwọn obìnrin ìjọ ń gbá àgbàlá lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ wọn dúró.

Iṣẹ́ kí ó bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can ni Martins mọ̀. Ó ní ọ́fíìsì ní Wharf Road, ó ní fóònù mẹ́ta. Nígbà tí ẹnì kan kò wá gba ẹ̀rọ ìgbẹ́kànga tó ti òkè òkun dé, Martins bá a gbà á, ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà. Ẹni tó ra abẹ́rẹ́ kò tíì di télọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Lójú tirẹ̀, kọ̀ǹténà ni gbogbo ohun tó wà láyé. Béèyàn bá ti mọ ẹni tó yẹ kó bẹ̀, àti ẹni tó yẹ kó jágbe mọ́, yóò jáde. Ilẹ̀ kò ní fóònù ní tirẹ̀.

Ó ṣì gbọ́n débi pé ó wá ẹni tó mọ iṣẹ́. Morádéún ti gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri, látorí ilẹ̀ epo dé etí òkun. Kò sí oríṣi ẹ̀rọ tí kò tíì dúró tì. Ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ó bá rí òpè.

Bí ilẹ̀ Amùkòkò ṣe rí nìyí. Omi iyọ̀ ló wà lókè, nítorí ọ̀sà kò jìnnà. Amọ̀ líle ló tẹ̀ lé e. Abẹ́ amọ̀ náà ni omi dídùn wà, òun sì ni gbogbo kànga òpópónà yẹn ń fà. Ihò tí wọ́n ń gbẹ́ ti lu amọ̀ já. Ó ti di ọ̀nà láàrin iyọ̀ àti adùn. Ẹrẹ̀ tó ki, tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀, nìkan ló ń dá iyọ̀ dúró, kò sì lè dá a dúró títí. Ó kù kí wọ́n sọ páìpù sí i, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ihò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, iyọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, gbogbo òpópónà á sì máa mu omi ọ̀sà. Ohun tó ń ba Morádéún lẹ́rù nìyẹn. Àjọ̀dún Ìkórè ìjọ ló ń ba Martins lẹ́rù. Ó ti ṣèlérí fún ìjọ pé omi á máa dà ní Sọ́ńdè náà.

Morádéún ní òfin kan. Nígbàkígbà tí ọ̀pá bá jáde nínú ihò, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin pẹlẹbẹ bo ẹnu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó lọ wá rọ́bà tuntun fún ẹ̀rọ ní Apapa, ó bò ó fúnra rẹ̀, ó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣí i. Nígbà tó dé, irin náà wà níbi tó fi í sí. Ríbọ́ọ̀nù pupa kan ló bá lára ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ó rò pé wọ́n ya fọ́tò ni. Ó pòṣé, ó já ríbọ́ọ̀nù jù nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ta ló ṣí ihò yìí?" ó bèèrè báyìí.

"Wọ́n kàn gbàdúrà díẹ̀ ni," Martins ní.

"Àdúrà kì í ha irin, sà."

Màmá Juliet, olórí àwọn obìnrin ìjọ, sọ ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọgbà ìjọ gan-an ni ilé rẹ̀ wà. "Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́ o. Bàbá Ìjọ ni wọ́n pè kó wá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀."

"Ìpìlẹ̀ kí ni, mà?"

"Ìpìlẹ̀ kànga."

Morádéún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́. "Alájà mélòó lẹ fẹ́ kọ́ kànga náà, mà?"

"Ìwọ ọmọ yìí, má fi mí ṣẹ̀sín. Bá a ṣe ṣe ti ilé pásítọ̀ náà nìyẹn. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, wọ́n gbé tírówẹ́ẹ̀lì bíríkìlà fún Bàbá kó fi tẹ́ ẹ sí ẹnu ihò. Ọwọ́ àgbà ń gbọ̀n. Tírówẹ́ẹ̀lì bọ́. A gbọ́ 'gbún,' a ò gbọ́ nǹkan míì mọ́."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Àwọn akọrin gbé orin sókè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ẹnjiníà ló ní ká dákẹ́. Ó ní kí ojú má ti Bàbá. Ó ní ẹ̀rọ á lọ tírówẹ́ẹ̀lì náà bí ata."

Akpevwe bú sẹ́rìn-ín. Martins ju gúgúrú tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nù.

"Ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ iyanrìn kọ́ ló ń gbẹ́ irin," Morádéún ní. "À á rọra fa ọ̀pá jáde. Mo mọ ẹni tó ní mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ní Apapa. Lọ́la, a ó fi fa tírówẹ́ẹ̀lì yín jáde."

"Lọ́la? Ìkórè ńkọ́? Akpevwe, tan ẹ́ńjìnnì. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Oga, I no go press am. I get pikin," Akpevwe ní, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìwẹ̀yìn.

"Ojo! Gbogbo yín, ojo! Iṣẹ́ tí ẹ sọ di awo!" Martins gun orí ẹ̀rọ tòun ti bàtà aláwọ dídán.

"Ọ̀pá máa kán, sà," Morádéún sọ. "Tó bá kán, kò ní mọ ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ta ló ni ẹ̀rọ?"

Morádéún kó àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn obìnrin lọ sẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Agídí ni oògùn kan tí kì í tán lọ́wọ́ òpè.

Martins tan ẹ̀rọ, ó tẹ irin ọwọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pá náà há. Ẹ́ńjìnnì kérora. Ilẹ̀ mì. Ó dún gbàù bí ìgbà tí táyà tírélà bẹ́, ọ̀pá kán, èyí tó kù lókè sì fò síta, ó gbá kánópì lulẹ̀, ó fọ́ àga oníke sí wẹ́wẹ́. Ká ní Martins ṣì jókòó níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ. Ìwà òmùgọ̀ rẹ̀ ló gbà á là. Ó rápálá sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ń gbọ̀n ju ọ̀pá lọ.

"Ṣé ó ti lọ̀ ọ́ bí ata?" Màmá Juliet bèèrè láti ẹ̀yìn ògiri.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, Martins ní kí wọ́n da iyanrìn sínú ihò náà, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sí igun kejì kílẹ̀ tó ṣú.

"Iyanrìn kì í dí omi iyọ̀," Morádéún ní. "A ò ní gbẹ́ òmíràn títí a ó fi fi sìmẹ́ǹtì dí èyí, láti ìsàlẹ̀ wá sókè."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó bá bu omi mu."

Màmá Juliet jáde síta. "Ẹ dúró ná. Kànga mi ló wà lẹ́yìn ọgbà yẹn. Ṣé inú omi tí mo fi ń se ọbẹ̀ ni iyọ̀ yẹn ń lọ?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, mà."

Màmá Juliet gbé àpótí kan, ó fi ìdí lé e lẹ́bàá ihò. Àwọn obìnrin yòókù yí i ká pẹ̀lú ìgbálẹ̀ wọn. "Ẹnjiníà," ó ní, "ẹ wá gbé mi kúrò."

Martins fi fóònù kìíní pe èèyàn, ó fi ìkejì pe ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó lè bá a gba ihò jáde.

Sìmẹ́ǹtì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n kó jọ fún pẹpẹ tuntun. Màmá Juliet ní kí wọ́n kó o wá, pẹpẹ lè dúró. Morádéún kò dà á láti ẹnu ihò, nítorí ó lè há sáàrin kó má dé ìsàlẹ̀. Ó sọ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó kán lọ títí tó fi dé ìdí, wọ́n sì ń ti sìmẹ́ǹtì gba inú rẹ̀. Bó ṣe ń kún ni wọ́n ń fa páìpù sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹrẹ̀ ń tú jáde. Kò kúrò nídìí rẹ̀ títí sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ fi yọ lókè. Ó fọwọ́, ó pàdé Martins lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ wá ẹlòmíì, sà."

Lọ́jọ́ Ìkórè, omi kò dà. Akọ̀wé ìjọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ pé ó fi ìpìlẹ̀ kànga lélẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Martins pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú.

Morádéún padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ilé Màmá Juliet ló yà sí. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó bu díẹ̀ tọ́ wò. Kò ní iyọ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ nílé kejì àti nílé kẹta, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní àgbàlá ìjọ, ojú sìmẹ́ǹtì kan ló kù nílẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹnu garawa. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ta omi fún ìjọ ń gbé ọmọlanke rẹ̀ sí.