“A Dúpẹ́” Kì Í Ṣe Oògùn

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú aránṣọ kan nítorí jẹjẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, kò sì lè ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó wá sílé ìwòsàn láti gba ìbọ̀wọ́ gígùn tó ń mú wíwú wálẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ara ńkọ́?” ni akọ̀wé wí.

“A dúpẹ́.”

Akọ̀wé ọ̀jáfáfá kọ ọ́ síwèé: ara ti yá, kò nílò ohunkóhun. “Ó tán, mà.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ìkíni ni mo dáhùn, lo fi ń lé mi lọ?” Ó gbé ọwọ́ náà ka orí ìwé, gbì. “Bi ọwọ́ yìí fúnra rẹ̀. Òun ò mọ ìkíni.”

Akọ̀wé fa ìwé títí, kò yọ. Ó bá dìde lọ mú téèpù láti wọn ọwọ́ náà fún ìbọ̀wọ́.